Kànìnkànìn Igbó àti Kànìnkànìn Àwọ̀n: Èwo ni ti Ìkòkò, Èwo ni ti Ara?

Ohun méjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n. Èkíní ni kànìnkànìn tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, èyí tí wọ́n ń lù jáde lára ìtàkùn inú igbó, tí àwọn lékuléjà ń tà pẹ̀lú ọṣẹ dúdú káàkiri ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Èkejì ni kànìnkànìn àwọ̀n, èyí tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń fi nẹ́ẹ̀tì hun nílé: wọ́n á gé nẹ́ẹ̀tì ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi píìnì kíróṣé hun ún ní róbótó, wọ́n á sì máa fi fọ abọ́ tàbí kí wọ́n fi wẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú àwọn obìnrin wa tó mọ kíróṣé, nílé àti lókè òkun, àríyànjiyàn sì ti bá a wọlé. Àwọn kan ní ayé kànìnkànìn igbó ti lọ, pé ohun àtijọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀rá ni ọ̀rá ń jẹ́, bó ti wù kí wọ́n hun ún tó. Mo ti lo méjèèjì pẹ́, n kò sì lè bá ẹgbẹ́ kankan lọ tán nínú wọn. Ìkòkò yàtọ̀ sí ara ènìyàn. Ohun tó gba oúnjẹ jíjóná kúrò nídìí irin lè ṣe awọ ara ní jàǹbá, ohun tó sì rọ ara lọ́rùn lè máa há oúnjẹ sínú títí tí yóò fi rùn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká ti orísun wọn bẹ̀rẹ̀. Ìtàkùn ni kànìnkànìn igbó. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìtàkùn tí wọ́n ń lò ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Momordica angustisepala, ìbátan ejìnrìn tí a fi ń se àgbo. Wọ́n á gé e ní ọ̀pá ọ̀pá, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á gbé e lé orí igi tàbí òkúta, wọ́n á wá máa fi kùmọ̀ lù ú. Lílù yìí gan-an niṣẹ́. Bí kùmọ̀ ṣe ń bà á ni èèpo ń ṣí, ni omi ara rẹ̀ ń jáde, ni àwọn okùn inú rẹ̀ ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń lù ú bá kánjú, èèpo á ṣẹ́kù síbẹ̀, ẹni tó bá fi wẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá lù ú kọjá bó ṣe yẹ, okùn á já kélekèle, kò ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn títí tí yóò fi gbẹ tí yóò sì funfun díẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí kókó. Bí okùn ṣe lọ́ mọ́ okùn ló mú un dúró. Ẹ̀yà mìíràn tún wà, kànìnkànìn ayaba, tí ayé mọ̀ sí Luffa. Èso ni tirẹ̀. Bó bá gbẹ tán lórí ìtàkùn, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó gbọn kóró rẹ̀ dànù, ihò-ihò tó kù nínú ni a ó máa fi wẹ̀.

Ọ̀nà tí nẹ́ẹ̀tì gbà wá jìn ju ìyẹn lọ. Ní 1808 àti 1809 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Heathcoat, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń hun nẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí inú ń bí sí ẹ̀rọ fọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Loughborough ní 1816, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Tiverton. Òwú àti sílíìkì ni nẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn. Ní 1935, Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà rí náílọ́ọ̀nù ṣe láti inú kẹ́míkà, nígbà tó sì di May 1940, ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù ti dé ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí náílọ́ọ̀nù bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin rí i pé ohun tó le báyìí, tí kì í jẹrà, tí omi kì í sì í pẹ́ lára rẹ̀, lè ṣe ju kí wọ́n fi rán aṣọ àríyá lọ. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ pọ̀, wọ́n ń fi òwú dì í láàárín, wọ́n sì ń fi kíróṣé hun ún. Títí di òní, wọ́n ń tà á níbi ọjà ìkówójọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń fún ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò lẹ́bùn Kérésìmesì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú ẹ̀rọ wo ti àwọn ará Amẹ́ríkà kí ó sì fojú ọwọ́ wo tiwa. Ọwọ́ ló ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kíróṣé yìí rọrùn kò tíì dì í mú rí.

Háàdì nẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn télọ̀ wa máa ń fi sábẹ́ aṣọ kí ó lè dúró, ló dára jù fún ti ìkòkò. Nẹ́ẹ̀tì rírọ̀ tí wọ́n fi ń bo ojú ìyàwó kò lágbára tó láti ha ìkòkò. Wọ́n á ká a pọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi íǹṣì 2. Kò sídìí láti ṣẹ́ etí rẹ̀ nítorí nẹ́ẹ̀tì kì í tú létí. Láti so tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ òmíràn, wọ́n á lu ihò kékeré sí ìparí ọ̀kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, wọ́n á ki ọ̀kan bọ inú ihò èkejì, wọ́n á fà á, á sì mú. Kókó ńlá kò yẹ iṣẹ́ yìí: ibi tí kókó bá wà ni oúnjẹ máa ń há sí. Píìnì tó nípọn ni wọ́n ń lò, mìlímítà 8 sí 10, nítorí píìnì tínínrín tí a fi ń hun súwẹ́tà ọmọ kò lè gbé nẹ́ẹ̀tì.

Ṣéènì 4 tí a so pọ̀ di òrùka ni ìbẹ̀rẹ̀. Sínú òrùka yẹn ni a ó hun ojú 8 sí, a ó yí i po, a ó sì fi ojú 2 sínú ojú kọ̀ọ̀kan ní ìyípo kejì kí ó lè tẹ́. Bí ojú bá kéré jù, yóò ká sókè bí fìlà. Bí ó bá pọ̀ jù, etí rẹ̀ á máa rún. Ti ìkòkò, a fẹ́ kó tẹ́. Nítorí náà wọ́n máa ń hun méjì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn wọn síra, wọ́n á so wọ́n pọ̀ létí, wọ́n á sì fi ìkọ́ kékeré sí i tí a ó fi gbé e kọ́. Ti ara, rírún yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: wọ́n á kó ojú púpọ̀ sínú òrùka kan, wọ́n á tún fi ojú 3 sínú ojú kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi wú di bọ́ọ̀lù.

Ibi tó nira ni pé ojú kì í rí ojú iṣẹ́. Wúùlù ní àwọ̀, ó nípọn, èèyàn ń rí ibi tí píìnì yóò wọ̀. Nẹ́ẹ̀tì mọ́ gaara, ihò ló kún inú rẹ̀, bí o bá sì wò ó dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló jọ ibi tí píìnì lè wọ̀. Ìka ló ń ṣe iṣẹ́ ojú: èèyàn á fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka wá ọrùn ojú tó kàn, á fi ìka di í mú, á kó píìnì sábẹ́ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì kì í yọ̀ lórí píìnì bí wúùlù, ó ń fa ọwọ́, ó sì ń họ ìka. Ẹni tí làkúrègbé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ hun ju ẹyọ kan lọ ní ìjókòó kan. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń ná irú ọjà yìí bíi pé láti inú ẹ̀rọ ló ti jáde. Ẹ rántí ọwọ́ tó hun ún, bí ẹ ṣe yẹ kí ẹ rántí apá tó di kùmọ̀ mú lórí ìtàkùn.

Ó tó kí a gbé wọn lọ sídìí àwo báyìí. Kò sí ohun tó ń dán ohun ìfọkòkò wò tó ìkòkò àmàlà tó ti sun mọ́jú láìfọ̀. Bí o bá ki kànìnkànìn igbó bọ̀ ọ́, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àmàlà tó ti rọ̀ á wọ àárín okùn rẹ̀, á lọ́ mọ́ ọn, omi tí o ó sì fi fọ kànìnkànìn fúnra rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ tó èyí tí o fi fọ ìkòkò. Abọ́ ilá àti ewédú tún burú jù ú lọ, nítorí yíyọ̀ wọn ń wọ inú okùn lọ, kì í sì í tètè jáde. Bó bá di ọjọ́ kejì, kànìnkànìn yẹn ti ń rùn. Ó tún máa ń gé: okùn kéékèèké á ṣẹ́kù sídìí ìkòkò, ẹni tí kò bá ṣan án dáadáa á bá a nínú ọbẹ̀.

Gbé kànìnkànìn àwọ̀n wá sídìí ìkòkò kan náà. Etí nẹ́ẹ̀tì tí a gé, tí a sì ká mọ́ra, pọ̀ lára rẹ̀, etí kọ̀ọ̀kan sì ń ha ìdí ìkòkò. Àmàlà á ṣí, á kó sára nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ihò rẹ̀ á tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tí sípọ́ńjì onírin máa ń ha bàjẹ́, nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe é ní nǹkan. Kì í sì í já wáyà sínú oúnjẹ bí sípọ́ńjì onírin. N kò fi bò rárá: nídìí síǹkì, kànìnkànìn àwọ̀n borí, kò sì fi díẹ̀ borí.

Àfi níbi méjì. Èkíní ni ìkòkò orí igi ìdáná. Èéfín tó ti di dúdú lẹ́yìn ìkòkò kì í gbọ́ ti ọṣẹ nìkan, eérú tàbí iyanrìn ló ń bá a wí, eérú sì ń gba àárín ihò nẹ́ẹ̀tì bọ́ sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Kànìnkànìn igbó ń di eérú mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èkejì ni iná. Ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kalẹ̀ kò yẹ kí a gbé ọ̀rá lé e. Irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 165 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, epo tí a fi ń dín àkàrà sì lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Náílọ́ọ̀nù le jù ú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ èyí tó di mú. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò tutù.

Kí n tó kúrò nídìí àwo, ó yẹ kí n mẹ́nu ba ẹni kẹta tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, sípọ́ńjì fóòmù. Ní 2017, Markus Egert àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kó sípọ́ńjì 14 tí wọ́n ti lò jọ láti ilé ìdáná àwọn ènìyàn, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé Scientific Reports. Ohun tí wọ́n bá nínú wọn pọ̀ dé ibi pé nínú èyí tó fẹ́ẹ̀ tóbi tó ṣúgà onígun mẹ́rin kékeré kan, kòkòrò àìfojúrí lè ju bílíọ̀nù 50 lọ. Ọ̀rinrin ló fà á: fóòmù ń mu omi, ó ń tọ́jú oúnjẹ sínú, kì í sì í gbẹ kó tó di pé a tún lò ó. Nẹ́ẹ̀tì kò ní inú tí omi lè fara pamọ́ sí. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbé e kọ́, afẹ́fẹ́ á gbà á kọjá, á gbẹ. Bó bá jẹ́ torí èyí nìkan, ó tọ́ kí kànìnkànìn àwọ̀n lé fóòmù kúrò nídìí síǹkì wa.

Òdodo ni òdodo ń jẹ́: lórí gbígbẹ, kànìnkànìn igbó jẹ̀bi pẹ̀lú. Ìdì okùn ni, ó ń di omi mú. Ní 1994, Edward Bottone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú Journal of Clinical Microbiology pé kànìnkànìn ayaba lè gbé kòkòrò àrùn, kí ó sì kó o lé awọ ara. Àwọn àgbà wa kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kànìnkànìn sílẹ̀ nínú igbá omi. Wọ́n á fún un, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fi há ara ògiri níta tàbí kí wọ́n sá a sórí okùn kí oòrùn pa á. Oòrùn yẹn ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé inú ilé tí balùwẹ̀ rẹ̀ kò ní fèrèsé báyìí, ní Èkó, ní London, ní Houston, a sì fẹ́ lo kànìnkànìn bí ẹni tí àgbàlá rẹ̀ ń gba oòrùn ṣe ń lò ó. Kò ṣeé ṣe. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò sá a sí, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, tàbí kó gbé e kọ́ ojú fèrèsé ilé ìdáná.

Orí awọ ara ni mo ti kẹ̀yìn sí nẹ́ẹ̀tì. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ń hó ọṣẹ ju kànìnkànìn igbó lọ. Ọṣẹ díẹ̀ ló nílò, afẹ́fẹ́ á wọ ihò rẹ̀, ìfófòó á sì bo apá. Èyí tó gùn, tí ẹ̀rọ hun, tí wọ́n ń tà ní ọjà ní ilẹ̀ wa àti ní Gánà, tún ní àǹfààní mìíràn: a lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ká gbé e kọjá sẹ́yìn, kó dé ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìtara rà á ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń yìn ín pé ó ń bó èérí kúrò lára ju tówẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ń lò lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n bíbó yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ní 1987, ìwé ìròyìn àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, Archives of Dermatology, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde lórí àwọn tí àbàwọ́n dúdú yọ lára wọn nítorí pé wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù gbo ara. Àwọn dókítà ilẹ̀ Japan náà ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń fi tówẹ́ẹ̀lì náílọ́ọ̀nù wẹ̀. Ibi tí eegun bá ti súnmọ́ awọ ló máa ń pọ̀ sí: ẹ̀yìn, èjìká, ojúgun. Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń wẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ara kò bá ta, kò tíì mọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbo wá títí omijé fi ń bọ́, a sì dàgbà tán, a ń gbo ara wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dúdú á rò pé èérí ni, á gbo ó sí i, dúdú á sì máa pọ̀ sí i. Èérí kọ́ ni. Awọ ara tí wọ́n ń dá lóró ni. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá ní irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, kó gbé náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná, kó sì fi ara han dókítà.

Ṣé kànìnkànìn igbó kì í gún ara ni? Ó ń gún ara, pàápàá nígbà tó bá ṣì tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ara ìtàkùn wá ni, omi ń wọ̀ ọ́, ó sì ń rọ̀. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú, fọwọ́ rún un, lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, okùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síbi tí ara bá tẹ̀ sí. Nẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Líle rẹ̀ tó dára nídìí ìkòkò ló ń bá a dé balùwẹ̀. Bọ́ọ̀lù onírírún tí wọ́n fi kíróṣé hun ṣì sàn díẹ̀ ju èyí tó gùn lọ, nítorí pé rírún rẹ̀ pọ̀, èèyàn kì í sì í lè fi ọwọ́ méjèèjì fà á kíkankíkan lórí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ hun ti ara, kó lo nẹ́ẹ̀tì rírọ̀ ti ìyàwó, kó má lo háàdì nẹ́ẹ̀tì rárá, kó sì jẹ́ kí ìfófòó ṣe iṣẹ́ tí agbára ọwọ́ fẹ́ ṣe. Ti ọmọ ọwọ́ kò gba àríyànjiyàn. Àwọn ìyá àgbà a máa wá kànìnkànìn tó ti rọ̀ fún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó lo aṣọ òwú rírọ̀. Kí nẹ́ẹ̀tì má ṣe dé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ kan sì wà tí nẹ́ẹ̀tì kò lè gbà lọ́wọ́ kànìnkànìn igbó láéláé. Bí babaláwo bá ní kí ẹnìkan lọ wẹ̀, ọṣẹ àti kànìnkànìn tuntun ni yóò ní kó rà. Wòlíì Aládúrà tó ní kí ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ wẹ̀ ní odò tó ń ṣàn kò ní kó ra ohun mìíràn. Àwọn ọlọ́rìṣà Cuba náà kò gbàgbé rẹ̀: ọṣẹ àti kànìnkànìn ayaba, tí wọ́n ń pè ní estropajo lọ́hùn-ún, wà lára ohun tí wọ́n fi ń wẹ ìyàwó òrìṣà létí odò. Lẹ́yìn ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí odò gbé kànìnkànìn náà lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Ìtàkùn ni, odò á jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù ni wọ́n jù sómi, ibi tó bá há sí ni yóò wà. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sípọ́ńjì ọ̀rá rọ́pò kànìnkànìn létí odò nítorí pé òun ló súnmọ́ ọwọ́.

Èyí ló gbé wa dé ibi tí ìbéèrè náà ti wúwo jù fún mi. Kànìnkànìn igbó tó bá gbó, ààtàn ni ibùsùn rẹ̀, yóò sì jẹrà síbẹ̀. Kànìnkànìn àwọ̀n tó bá gbó kì í jẹrà. Èérún rẹ̀ á ti máa bá omi ìfọbọ́ lọ sínú gọ́tà, ìyókù á sì lọ sórí ilẹ̀ tí ọ̀rá mìíràn ti kún tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń hun ún máa ń sọ pé ó ń pẹ́, wọ́n ní ẹyọ kan lè bá fóòmù púpọ̀ sọdá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ ra nẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́pọ̀ yáàdì torí kí a lè hun kànìnkànìn, a kàn dá ọ̀rá mìíràn sáyé ni.

Ohun tó lè dá a láre ni àjákù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń ra nẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Joann, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cleveland ní 1943. Nígbà tí May 2025 fi máa parí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800, ti ti ìlẹ̀kùn, àwọn tó ń hun kànìnkànìn sì ní láti wá ibòmíràn lọ. Àwa kò ní irú ìṣòro yẹn. Télọ̀ wà ní àdúgbò gbogbo, kò sì sí télọ̀ tó ń rán aṣọ òde tí àjákù háàdì nẹ́ẹ̀tì kò sí nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń dúró de ìgbálẹ̀. Àpò oníhò-ihò tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya náà wà: bí a bá fọ̀ ọ́ mọ́, tí a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé hun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rẹwà tó nẹ́ẹ̀tì. Ó sì sàn ju àpò ìrẹsì tí a ń tú fọ́nrán-fọ́nrán fi fọ àwo lọ. Gbogbo wa la mọ bí ìyẹn ṣe máa ń já wẹ́wẹ́, tí fọ́nrán rẹ̀ á dí ojú síǹkì, tí á tún wọ inú abọ́. Nẹ́ẹ̀tì tí a hun kì í tú bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá tó ti di ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀ bá tún ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kó tó lọ síbi tó ń lọ, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Kí kànìnkànìn àwọ̀n jókòó sídìí síǹkì, kí fóòmù dìde fún un, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àjákù ni a fi hun ún. Kí kànìnkànìn igbó padà sí balùwẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó máa sá a sóòrùn, kí ọwọ́ sì rọra. Ìkòkò orí igi ìdáná àti ìwẹ̀ odò, tirẹ̀ náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kíróṣé, ẹ má tíì ná owó sórí nẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi béèrè ohun tó wà nínú àpò àjákù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ìtàkùn kànìnkànìn kò béèrè ju igi tí yóò gùn lọ. Bí ẹ bá ń ṣán igbó, ẹ dá a sí, nítorí àwọn tó ń lù ú kò lè lu ohun tí kò sí mọ́.